ODBC Lórí Unix: Bí A Ṣe Ń Wá Ògbufọ̀ fún Dátábéèsì

Ó ń ṣẹlẹ̀ nínú pírójẹ́ẹ̀tì ọdún ìkẹyìn pé ètò ti parí, dátábéèsì ti kún, síbẹ̀ àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn. Àwa tí a dàgbà lẹ́yìn odi ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lọ́jà, ògbufọ̀ ni à ń wá.

Kí ni ODBC? Ìlànà tí Microsoft gbé jáde ní 1992 ni, kí ètò kan lè bá oríṣiríṣi dátábéèsì sọ̀rọ̀. Dráífà ni ògbufọ̀; dátábéèsì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Lórí Unix àti Linux, unixODBC ló sábà máa ń pe dráífà síṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi PostgreSQL lórí Debian ṣe àpẹẹrẹ.

1. Ẹ kó wọn sórí kọ̀ǹpútà:
sudo apt install unixodbc odbcinst odbc-postgresql

2. Ẹ wo orúkọ àwọn dráífà tó wà nínú /etc/odbcinst.ini:
odbcinst -q -d

3. Ẹ kọ èyí sínú fáìlì ~/.odbc.ini:
[ise]
Driver = PostgreSQL Unicode
Servername = localhost
Port = 5432
Database = akeko

Bí ẹ bá kọ páswọ́ọ̀dù síbẹ̀, ẹ tẹ chmod 600 ~/.odbc.ini, kí ẹlòmíràn má baà kà á. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

4. Ẹ dán an wò: isql -v ise, kí ẹ fi orúkọ àti páswọ́ọ̀dù yín tẹ̀ lé e. "Connected!" ni ìdáhùn rere.

Bí kò bá wọlé ńkọ́? Bí ó bá ní "Data source name not found", orúkọ kò bára mu, tàbí fáìlì mìíràn ni ó ń kà. odbcinst -j yóò fi fáìlì náà hàn yín.

"Can't open lib" ló ń tan ènìyàn jù. Ó máa ń ní òun kò rí fáìlì dráífà, bẹ́ẹ̀ fáìlì náà lè wà níbẹ̀. Ohun tí dráífà gbára lé ni kò sí. Ẹ fi ldd yẹ fáìlì dráífà náà wò, kí ẹ wá ibi tó kọ "not found" sí. Nígbà mìíràn, dráífà 32-bit ni a fẹ́ fi bá ètò 64-bit ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ní páswọ́ọ̀dù kò tọ́, ògbufọ̀ ti jíṣẹ́. Ọ̀dọ̀ PostgreSQL ni kí ẹ lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó tún ètò yín kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi isql dán an wò. Bí isql bá wọlé, ètò yín ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí kò bá wọlé, ẹ má fọwọ́ kan ètò náà rárá.