Dídí Ilé Mọ́ Atẹ́gùn Ọyẹ́

Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì ni atẹ́gùn ọyẹ́ máa ń fẹ́ wá sí Ìlọrin láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn. Púpọ̀ nínú eruku tí ó ń gbé bọ̀ ti Bodélé wá, ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láti ìgbà láéláé.

Àwọn ilé àtijọ́ irú èyí tí ó wà ní GRA kò rọrùn láti dáàbò bò lọ́wọ́ rẹ̀. Ooru ni àwọn tí ó kọ́ wọn ń sá fún. Wọ́n la fèrèsé gbòòrò, wọ́n gbé àjà sókè, wọ́n sì to gíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ sí ojú fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Ní ti ọyẹ́, ilé alámọ̀ àwọn baba ńlá wa, tí ògiri rẹ̀ nípọn tí fèrèsé rẹ̀ sì kéré, sàn jù wọ́n lọ.

Kí onílé na fọ́nrán òwú kan sí etí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní òwúrọ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Níbi tí òwú bá ti ń mì, àlàfo wà níbẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀kùn ni ó sábà máa ń burú jù. Kí ó rán aṣọ ògbólógbòó bí àpò gígùn, kí ó rọ iyanrìn sí i, kí ó sì tẹ́ ẹ sí ìdí ilẹ̀kùn. Gíláàsì tí ó bá fọ́, kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Páálí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi dí i kì í pẹ́ ya. Ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn ilé ni kí ó kọ́kọ́ tọ́jú.

Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dí gbogbo ilé pa. Kí fèrèsé kan wà ní ṣíṣí díẹ̀ ní ìhà tí atẹ́gùn kò ti ń fẹ́ wá, pàápàá ní yàrá tí àwọn ọmọdé ń sùn sí. Àwọn mìíràn a máa gbé iná èédú wọ yàrá kí wọ́n lè yáná. Ewu ńlá ni èyí. Èédú tí ó ń jó ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde, tí a ń pè ní carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí. Ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn lójú oorun. Bákan náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ìdí fèrèsé. Bí orí bá ń fọ́ àwọn ará ilé, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì sì ń gbé wọn, kí gbogbo wọn jáde sí ìta gbangba lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì lọ sí ilé ìwòsàn.