Ẹ Wádìí Ohun Tó Pa Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Yín Kí Ẹ Tó Náwó Lé E

Ọlọ́kọ̀ ojú omi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lójú omi sábà máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì nígbà tí wọ́n bá wọ́ ọkọ̀ náà dé èbúté. Mẹkáníìkì á ní, "Ẹ̀gbọ́n, písítìnì ti jóná, ẹ mówó wá ká tún un tò." Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ní kí wọ́n gbé e tì, òun mọ ibi tí tòkunbọ̀ tó mọ́ wà. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì béèrè ohun tó pa ẹ́ńjìnnì náà. Ìbéèrè yìí ni mo ń bẹ ẹ̀yin tó ń ná ojú omi Ìkòròdú sí Èkó, ẹ̀yin apẹja Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, àti ẹ̀yin ará Ìlàjẹ tí ọkọ̀ yín ń ti Ìgbókòdá lọ sí Àyétòrò, pé kí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ àpò.

Mo mọ bí ọwọ́ ṣe há tó. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí iye náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnnì tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun tó ń mú kí wọ́n máa lẹ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lẹ́lẹ̀ẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó bá kú lójú títì, èèyàn á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ tó kú láàárín ọ̀sà lálẹ́, níbi tí ìgbì ń gbé e kiri tí ọkọ̀ ńlá sì ń bọ̀, kò ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kankan. Àwọn èrò inú rẹ̀ kò sì mọ irú ẹ́ńjìnnì tí ẹ fi ń gbé wọn.

Òkú písítìnì máa ń jẹ́rìí, bí a bá lè kà á. Púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa jẹ́ two-stroke: ọ́ìlì kò ní àgbá tirẹ̀ nísàlẹ̀, inú pẹtiróòlù ni a ń pò ó mọ́. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, lítà ọ́ìlì 1 ló ń bá lítà epo 50 lọ. Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá ló ni àṣẹ. Bí gbogbo písítìnì bá họ bákan náà, ẹ fura sí ọ́ìlì: ọmọ ọkọ̀ gbàgbé láti pò ó, ó fojú díwọ̀n rẹ̀, tàbí kó jẹ́ ọ́ìlì mọ́tò lásán ló dà sí i. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ló jóná tí àwọn yòókù ṣì ń dán, ẹ wo kabúrétọ̀. Ìdọ̀tí tàbí omi tó bá epo wọlé lè dí ihò tó ń bu epo fún sílíńdà yẹn, epo tó kéré sì túmọ̀ sí ọ́ìlì tó kéré. Ó sì lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí síìlì tó ti gbó ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ́ wọlé níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ooru ló pa á, ẹ wá ìmpẹ́là, rọ́bà kékeré tó ń fa omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì. Yanrìn máa ń jẹ ẹ́, ọjọ́ orí nìkan sì tó láti sọ ọ́ di gbígbẹ. Ọ̀rá omi mímu àti ewé tó ń bo ojú ọ̀sà náà máa ń dí ẹnu ibi tó ti ń fa omi. Omi tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ni ẹ̀rí pé ó ń mu omi. Awakọ̀ tí kò bá bojú wo ẹ̀yìn kò ní mọ ìgbà tó dáwọ́ dúró. Ẹ pààrọ̀ ìmpẹ́là lọ́dọọdún. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó písítìnì.

Nítorí náà, ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì láìwá ìdí, tó sì gbé tuntun fún ọmọ ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo ìdọ̀tí kan náà, tuntun yẹn náà á kú.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì tó kú náà kí wọ́n tó wọn agbára tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Kí mẹkáníìkì yọ gbogbo plọ́ọ̀gì, kó fi gééjì sí ihò kọ̀ọ̀kan, kó fa ẹ́ńjìnnì náà, kó sì kọ iye tí gééjì kà sílẹ̀ lójú yín. Bí ìyàtọ̀ láàárín sílíńdà bá kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì tí kò ní gééjì, tó ní etí ni òun fi ń mọ̀ ọ́n, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Ohun tó yẹ kó pinnu bóyá kí ẹ tún un tò tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ gan-an ni iyọ̀. Omi ọ̀sà Èkó máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò á wá sọ ọ́ di omi dídùn. Àyétòrò ní tirẹ̀ dojú kọ òkun gbalaja. Iyọ̀ yìí máa ń jẹ ọ̀nà omi inú ara ẹ́ńjìnnì, níbi tí ojú kì í dé. Písítìnì, ríìngì àti bẹ́árìn, gbogbo wọn ni a lè rà lọ́jà. Ara ẹ́ńjìnnì tí iyọ̀ ti jẹ dé ojú ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó, tí bóòtù rẹ̀ ń kán bí wọ́n ṣe ń tú u, kò sí àtúnṣe tó máa gbé e pẹ́. Ìyẹn ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni sílíńdà tí wọ́n ti gbẹ́ fẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń ṣe písítìnì tó fi 0.25 àti 0.50 mílímítà tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí èyí tó wà nínú tiyín bá ti wà ní ìwọ̀n tó tóbi jù, kò sí ibi tí wọ́n tún fẹ́ gbẹ́ ẹ dé.

Àmọ́ bí ara rẹ̀ bá mọ́, tí kìráǹkì kò tẹ̀, tí ẹ̀yà rẹ̀ sì wà lọ́jà, ẹ tún un tò, kí ẹ sì tún un tò pátápátá. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni àtúnṣe ìdajì: písítìnì tuntun kan, ríìngì àtijọ́ fún àwọn yòókù, gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Owó yẹn ti wọ omi. Bí ìṣirò àtúnṣe pípé bá ti kọjá ìdajì owó òmíràn tó dára, èmi kò ní tún un ṣe mọ́.

Ní ti tòkunbọ̀, gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó tàn án: bí ó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, wọ́n ti múra sílẹ̀ dè yín. Ẹ gbé e wọ omi pẹ̀lú ẹrù, ẹ má gba ti inú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ béèrè rìsíìtì, kí ẹ sì yẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ wò, torí àwọn ajalèlókun ń jí ẹ́ńjìnnì àwọn apẹja. Ẹ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ yín. Ti kúkúrú jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 15, ti gígùn jẹ́ 20. Ẹ sì ṣọ́ra fún Evinrude olówó pọ́ọ́kú: ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 2020.

Èyí tí ẹ bá tún tò, ẹ má fi kó èrò lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ́ńjìnnì two-stroke ní kí ẹ fi wákàtí 10 àkọ́kọ́ rọra wà á, kí ẹ po ọ́ìlì ní ìlọ́po méjì. Ẹ lo wákàtí yẹn nítòsí èbúté, pẹ̀lú àjẹ̀, ìdákọ̀ró àti ọkọ̀ mìíràn tó lè wọ́ yín padà.