Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ẹ̀kọ́ Lórí RAID àti Ìtọ́jú Àkọsílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rò títí yóò fi bàjẹ́: ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí. Ká ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ kan ní Ìrókò ní sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn yòókù ti ń gba àkọsílẹ̀. Owó tí ìyá alágbàdo fi pamọ́, gbèsè tí bàbá tó ń gbin ẹ̀gẹ́ jẹ, inú dísìkì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí dísìkì yẹn bá kú lóru, ta ni yóò jẹ́rìí fún wọn láàárọ̀?

Kí ni RAID?

Ní 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, ti Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley, Amẹ́ríkà, sọ nínú ìwé kan pé dípò dísìkì ńlá kan tó wọ́n gógó, a lè so àwọn kéékèèké olówó pọ́ọ́kú pọ̀ kí wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n bí dísìkì bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń rọrùn tó kí ọ̀kan nínú wọn bàjẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ààbò kún un.

Àwọn ọ̀nà tó wọ́pọ̀

RAID 0 dà bí àáró: dísìkì méjì pín iṣẹ́, iṣẹ́ sì yá. Àmọ́ kò ní ààbò rárá; bí ọ̀kan bá kú, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ.

RAID 1 ń kọ ohun kan náà sí dísìkì méjì. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì ń bá iṣẹ́ lọ. Dísìkì méjì oní-2TB yóò fún wa ní ààyè 2TB péré.

RAID 5 ń fẹ́ dísìkì mẹ́ta, ó kéré tán. Ọgbọ́n rẹ̀ nìyí: bí dísìkì kan bá mú 4, tí òmíràn mú 3, ẹ̀kẹta yóò mú àròpọ̀ wọn, 7. Bí 4 bá sọnù, a yọ 3 kúrò nínú 7, 4 sì padà wá. Ìṣirò kọ̀ǹpútà yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Mẹ́rin oní-2TB yóò fún wa ní 6TB.

RAID 6 lè fara da ikú dísìkì méjì. Mẹ́rin ni ó kéré jù tó ń fẹ́. RAID 10 da ọgbọ́n 1 àti 0 pọ̀: ó yára, ó sì ní ààbò, ṣùgbọ́n ìdajì ààyè ló ń ná wa.

Ohun tí RAID kò lè ṣe

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tàn yín jẹ. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa àkọsílẹ̀ rẹ́, RAID yóò pa á rẹ́ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Bí olè bá gbé sáfà, tàbí tí iná jó ilé, gbogbo dísìkì ló bá a lọ. Ẹ̀dà mìíràn gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn.

Ẹ wo IITA nítòsí Mọ́níyà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Irúgbìn ẹ̀wà tó lé ní oríṣi 15,000 ló wà ní ìpamọ́ wọn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìpamọ́ irúgbìn Svalbard ní Norway ní 2008, IITA wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀dà irúgbìn wọn ránṣẹ́ síbẹ̀.

Bí dísìkì kan bá kú, ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀; ẹ má ṣe dúró de èkejì. Ẹ sì wá bátìrì tí yóò gbé sáfà dúró nígbà tí iná bá lọ lójijì.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí RAID 0 kò fi yẹ fún ìwé owó ẹgbẹ́?
2. Dísìkì márùn-ún oní-2TB wà nínú RAID 5. Ààyè mélòó ni a ní?
3. Ibo ni ẹ̀dà kejì àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ tiyín wà?