Ẹ Wá Wo Jẹ́ọ́mẹ́tìrì Lórí Àtẹ Alápatà ní Oko Ọba

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Ọ̀yìngbò tàbí Yábàá, ọkọ̀ ojú irin Red Line ni kí ẹ wọ̀. Ẹ sọ̀ ní Agége, kí ẹ wá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ilé ìpẹran Oko Ọba. Òwúrọ̀ ló dáa jù. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ má sì ya fọ́tò láìtọrọ àyè.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọ nǹkan inú màlúù ni kí ẹ lọ tààrà. Ẹ kí wọn, "Ẹ kú iṣẹ́ o," kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì já ìfun kúrò lára awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gbé e dúró. Ìdí awọ náà kúrú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń bá ìfun lọ, ìfun kékeré màlúù sì lè gùn tó mítà 40. Ẹ gbìyànjú kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Kò ní gbà: bí ẹ bá tẹ apá kan mọ́lẹ̀, apá kejì á wú dìde. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Harvard fi hàn pé ìfun ń yára dàgbà ju awọ yìí lọ, awọ sì ń fà á sẹ́yìn. Ohun tó jẹ́ kí ìfun ká nìyẹn.

Irú ojú tó ń wú létí báyìí ni wọ́n ń pè ní hyperbolic. Ẹ ya onígun mẹ́ta sí i, igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní pé dígírì 180.

Ibi tó wù mí jù ló kù yìí. Ẹ ro ààyè kan tí gbogbo inú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, irú èyí tí Lobachevsky ará Rọ́ṣíà (1829) àti Bolyai ará Họ́ngárì (1832) kọ̀wé lé lórí. Ẹ máa fẹ bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, títí àárín rẹ̀ á fi sún lọ síbi tí kò lópin. Nínú ààyè tí a mọ̀, ojú bọ́ọ̀lù náà á di pẹrẹsẹ. Níbẹ̀, ó ṣì máa tẹ̀. Síbẹ̀, títẹ̀ bọ́ọ̀lù àti wíwú ààyè á pa ara wọn rẹ́ pátápátá, igun onígun mẹ́ta ojú rẹ̀ á sì pé 180 géérégé. Horosphere lorúkọ rẹ̀. Jẹ́ọ́mẹ́tìrì Euclid, èyí tí a kọ́ nílé ìwé, pé síbẹ̀ láìku ẹyọ kan, nínú ààyè tí òfin Euclid kan kò ti ṣiṣẹ́.

Ẹ ra ìfun díẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó lọ, torí ẹ ti dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ gba ọjà Agége kọjá, ẹ ra òwú àti abẹ́rẹ́ kíróṣè. Ẹ lè fi wọ́n hun ojú hyperbolic fúnra yín. Ọ̀nà tí onímọ̀ ìṣirò Daina Taimina gbà hun ún ní Cornell ní 1997 ni kí ẹ tẹ̀ lé: lẹ́yìn ìhun márùn-márùn-ún, ẹ fi ọ̀kan kún un, ní gbogbo ìlà. Ìlà ìhun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá hun jẹ́ àbúrò horosphere yẹn: àyíká róbótó tí àárín rẹ̀ ti sún lọ síbi tí kò lópin.