Àpótí Ìmọ̀: Oúnjẹ ọjọ́ omíyalé ní Ìpakodò

Etí ọ̀sà ni Ìpakodò wà ní Ìkòròdú. Omi ni ọ̀nà wa, ó sì lè lé wa kúrò nílé: ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán bo ilé ní Ajégúnlẹ̀, lọ́nà Ìkòròdú.

Lójú tèmi, gàrí inú ike tí a dé pinpin ni olórí oúnjẹ ìpamọ́. Kò bèèrè iná. Omi mímọ́ ló fẹ́. Ẹja gbígbẹ ló tẹ̀ lé e.

Gbúre, ẹ̀bòlò, yánrin àti ọ̀dú ń hù fúnra wọn lẹ́yìnkùlé. Ẹ má ṣe já èyí tí àgbàrá ti bò, nítorí ẹ̀gbin ṣáláńgá.

Gúdúgúdú ló bà mí lẹ́rù jù. Ó jọ iṣu, àmọ́ májèlé wà nínú rẹ̀. Nígbà ìyàn, àwọn àgbà a bó o, wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, wọn a sì máa pààrọ̀ omi náà kí wọ́n tó sè é. Ọmọdé kò gbọdọ̀ dán an wò.

Bí omi bá wọlé, ẹ pe 112 tàbí 767, ọ̀fẹ́ ni.