Lẹ́tà Sísanra àti Àmì Ohùn Yorùbá

Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ní ṣókí ni lẹ́tà ìtẹ̀wé tí wọ́n ń pè ní Cooper Black. Oswald Cooper, tí ó ṣiṣẹ́ ní Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ó jáde ní 1922. Lẹ́tà náà sanra, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí roboto, inú e àti o rẹ̀ kò sì fẹ̀. Ó wúlò púpọ̀ fún ìpolówó ọjà. Òun náà ni ó wà lára páálí àwo orin Pet Sounds ti ẹgbẹ́ Beach Boys ní 1966.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, lẹ́tà yìí dùn ún wò. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í kọ OKO gàdàgbà sí iwájú ìwé láìsí àmì, ṣé ọkọ ìyàwó ni, àbí ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, àbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àbí oko gan-an? Títóbi lẹ́tà kò lè dáhùn; àmì ni yóò dáhùn.

Nítorí náà, ohun méjì ṣe pàtàkì. Èkíní, kí àmì náà sanra bíi lẹ́tà tí ó gbé e. Àmì tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní hàn. Èkejì, kí àlàfo tó wà láàrin ìlà méjì, kí àmì ìsàlẹ̀ ìlà kan má baà kọlu àmì orí ìlà tí ó tẹ̀ lé e.

Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà. Lójú tèmi, àmì ni ìwà lẹ́tà Yorùbá.