Mò Ń Pín Káàdì, Kò Sẹ́ni Tó Pè Mí

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n wa, dìsáìnà ni mí ní Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé l'Ékòó. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, páálí ọṣẹ, gbogbo rẹ̀ ni mò ń ṣe. Wọ́n ní láìmọ èèyàn iṣẹ́ ò lè gbòòrò, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sípàdé àwọn oníṣòwò. Mò ń pín káàdì, mò ń gba nọ́ńbà, mò ń fi àwòrán iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀gá lórí WhatsApp láràárọ̀. Wọ́n á kà á, wọn ò ní fèsì. Ọ̀kan tiẹ̀ ti dínà mọ́ mi. Àwọn tó ń ṣe dáadáa sí mi ò ju àwọn tá a jọ wà ládùúgbò lọ, bíi bọ̀dá tó ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tó dá iṣẹ́ mi dúró lọ́jọ́ kan, tó pè mí pé déètì ìgbéyàwó tí mo kọ bọ́ sí ọjọ́ Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n kí ni irú wọn lè ṣe fún mi?

Dìsáìnà, Ṣómólú

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ìbéèrè tó o fi parí lẹ́tà rẹ ló dùn mí jù. Bọ̀dá yẹn dá ẹ̀rọ dúró. O mọ ohun tíyẹn ná an: yíǹkì ti wà lójú ẹ̀rọ, oníbàárà mìíràn ń dúró, owó tirẹ̀ kò sì ní dín bó bá tẹ àṣìṣe náà jáde bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó ka iṣẹ́ rẹ, ó ṣírò ọjọ́, ó gbé fóònù. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ lò bá san owó bébà àti owó àtúntẹ̀. Ohun tó ò ń wá kiri gbọ̀ngàn ìpàdé ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yẹn. Ṣé o padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Àwọn tó ò ń rí lójoojúmọ́ nìkan kọ́ ló sì lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Onímọ̀ nípa àwùjọ kan wà ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter. Ó lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ ní Newton, lẹ́bàá Boston, ó bi wọ́n pé ta ló ta wọ́n lólobó nípa iṣẹ́ tuntun náà. Ó tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1973. Nínú àwọn tó gbọ́ lẹ́nu èèyàn, ìdá 16.7 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló gbọ́ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń rí lemọ́lemọ́. Ìdá 55.6 gbọ́ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá 27.8 sì gbọ́ lẹ́nu ẹni tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí. Kò yani lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ tá a jọ ń jẹ tá a jọ ń mu, ohun tó gbọ́ làwa náà ti gbọ́.

Má wá torí èyí sọ pé àjèjì ló yẹ kó o máa pín káàdì fún. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí wọn ò rí déédéé mọ́ yẹn, wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ rí ni: ọ̀gá àtijọ́, ẹlẹgbẹ́ tó ti kúrò. Ó mọ ọwọ́ wọn, ó sì lè fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún wọn. Ọ̀gá tó o pàdé fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò mọ̀ bóyá o máa ń parí iṣẹ́ lásìkò. Àwọn àgbẹ̀ wa kì í lọ wá olówó tí wọn ò mọ̀ rí láti bá ṣe àáró. Ẹni tí oko wọn jọ pààlà ni wọ́n ń bá ṣe é.

Nítorí náà, kọ orúkọ àwọn tó o ti bá ṣiṣẹ́ rí sílẹ̀: ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, àwọn tẹ́ ẹ jọ kọ́ṣẹ́, oníbàárà tínú rẹ̀ dùn lọ, ẹni tó ń gé bébà fún ọ. Kí wọn láì tọrọ nǹkan kan. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Èmi tí mo ṣe kàlẹ́ńdà iléèwé yín lọ́dún tó kọjá ni. Mo ní kí n bi yín, ṣé àwọ̀ rẹ̀ ò tíì ṣá lára ògiri?” Kó o dúró síbẹ̀. Má fi àwòrán mẹ́wàá tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ní ó ti ṣá, o ti mọ ohun tó o máa tún ṣe. Bí wọ́n bá ní ó ṣì dára, wọ́n á rántí rẹ nígbà tí kàlẹ́ńdà tuntun bá kàn. Iṣẹ́ tí agbára rẹ ò bá ká, darí rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, má sì béèrè kọmíṣọ̀n.

Ìpàdé ò burú. Bó o bá lọ, bá ẹni méjì péré sọ̀rọ̀ délẹ̀, kó o sì bi wọ́n nípa iṣẹ́ tiwọn. Ọ̀gá tó dínà mọ́ ọ, fi í sílẹ̀. Má fi nọ́ńbà mìíràn pè é.

Ó ku ohun kan tí o kò béèrè. Báwọn èèyàn bá ti ń sún mọ́ ọ, àwọn kan á ní kó o fi ojú àánú wò wọ́n. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Dárúkọ iye owó rẹ kó o tó bẹ̀rẹ̀, gba ìdajì sílẹ̀, kọ rìsíìtì, kó o sì kó iṣẹ́ fún wọn lọ́jọ́ tó o dá.